Ìlú kan, orílẹ̀-èdè mẹ́rin: bí a ṣe ń tọpa ìdílé ní ilẹ̀ Balkan

Àbẹ̀ní_Cleveland:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìdílé kan ni mò ń bá to ìwé ìran wọn, ọ̀rọ̀ bàbá àgbà wọn sì dojú rú. Ìwé ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé New York ní 1911 kọ "Turkey" fún un. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1920 kọ "Serbia". Ìwé òkú rẹ̀ ní 1958 kọ "Yugoslavia". Monastir ni orúkọ ìlú tó wà nínú méjì nínú wọn. Orúkọ ìdílé gan-an kò dúró lójú kan: Petroff níbí, Petrovich lọ́hùn-ún. Ṣé ẹni kan ni àbí ẹni mẹ́ta? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Baba_Fáìlì (alábòójútó):
Àbúrò, ẹni kan ṣoṣo lè ní gbogbo ìwé yẹn kí ilé bàbá rẹ̀ má sì kúrò lójú kan. Bitola tòde òní, ní Àríwá Makedóníà, ni Monastir. Ọwọ́ ìjọba Ottoman, ìyẹn Tọ́kì àtijọ́, ló wà títí di Nòfẹ́ńbà 1912 tí ọmọ ogun Sérbíà fi gbà á. Bùlgáríà gbà á ní ìparí 1915, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti Dìsẹ́ńbà 1918 ó di ara ìjọba àwọn Serb, Croat àti Slovene, tí wọ́n sọ ní Yugosláfíà ní 1929. Bùlgáríà tún padà dé ní 1941, wọ́n kó ẹrù wọn ní 1944. Makedóníà gba òmìnira ní 1991, "Àríwá" sì wọ orúkọ rẹ̀ ní 2019.

Nítorí náà, kó o tó ṣí ìkànnì kankan, mú abala ìwé kan kó o fa ilà sí i ní ọ̀nà mẹ́rin: ọdún, ẹni tó ń jọba, èdè tí akọ̀wé fi ń kọ̀wé, bí orúkọ ìlú ṣe rí lédè náà. Abúlé ni kó o ṣe é fún, má ṣe é fún orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fo ìpele yìí á máa kan ilẹ̀kùn ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè tí kò mọ ìdílé náà rí.

Ohun kan tún wà nínú "Monastir" yìí. Ìlú ni, ìpínlẹ̀ Ottoman ńlá kan tún ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni tó bá sọ fún akọ̀wé ọkọ̀ pé Monastir lòun ti wá lè jẹ́ ará abúlé tó wà ní Gíríìsì lónìí, ní agbègbè Florina, tàbí ní Albáníà, ní apá Korçë. Bí ẹni tó ní "Ọ̀yọ́" ni òun ni: ṣé ìlú ni, àbí ìpínlẹ̀? Wá orúkọ abúlé kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìkejì, béèrè ẹ̀sìn. Ní ibi púpọ̀ ní Yugosláfíà, 1946 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìbí sọ́wọ́ ara rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, àlùfáà ló ń kọ ọ́. Ààlà ló máa sọ ilé ìpamọ́ tí ìwé wà fún ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ló máa sọ irú ìwé tí o ń wá.

Dúró_Toronto:
Mo fara mọ́ ohun tí Baba sọ. Àbẹ̀ní, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kó o ti kọ́kọ́ tán iṣẹ́, má tíì sọdá òkun. Láti 1907, ojú méjì ni ìwé èrò ọkọ̀ ní, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì ṣí ojú kejì. Ní ojú kìíní ni orúkọ ìbátan tó fi sílẹ̀ nílé wà, pẹ̀lú ibi tó ń gbé. Ibi tí wọ́n bí èrò náà gan-an wà ní ìparí ojú kejì. Bí íńdẹ́ẹ̀sì orí ayélujára bá gbé ọ dé ojú kan, tẹ ojú tó tẹ̀ lé e.

Láti Sẹ̀tẹ́ńbà 27, 1906, ìwé tí àlejò fi ń di ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìbí, ibi ìbí àti orúkọ ọkọ̀ tó bá wá. Ìwé àkọ́kọ́ ni kó o wá, "declaration of intention", ìyẹn èyí tó fi sọ pé òun fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, torí òun ló sún mọ́ ìgbà tó ṣì rántí nǹkan dáadáa. Bí kóòtù kò bá rí i, USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò, ní ẹ̀ka tó ń ta ẹ̀dà fáìlì àwọn tó di ọmọ ìlú láàrin 1906 sí 1956. Tún wá káàdì ìforúkọsílẹ̀ ológun ti 1917 àti 1918, àti ti 1942 tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbàlagbà ọkùnrin. Bó bá pẹ́ láyé dé 1936 lọ sókè, fọ́ọ̀mù SS-5 tó fi gba nọ́ńbà Social Security (ètò ìfẹ̀yìntì ìjọba Amẹ́ríkà) ní orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, tó fi mọ́ orúkọ ilé ìyá.

Má fọkàn tán àpótí "race" nínú ìwé ọkọ̀ jù. Ẹ̀yà mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ sínú àpótí kan, "Bulgarian, Servian and Montenegrin".

Ìyá_Ìwé_Vienna:
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń ṣubú. Àbẹ̀ní ọmọ mi, Petroff àti Petrovich rẹ kò ta kora wọn. Petrov ni akọ̀wé Bùlgáríà ń kọ, "-off" ni àwọn tó ń fi ọ̀nà Faransé kọ lẹ́tà Cyrillic, lẹ́tà tí Bùlgáríà àti Sérbíà ń lò, sì ń fi parí rẹ̀. Akọ̀wé Sérbíà láàrin 1913 sí 1941 á sọ ọ́ di Petrović. Ní 1941 ó tún di Petrov. Lẹ́yìn 1945, Petrovski ni Skopje, olú-ìlú Makedóníà, ń kọ. Bí àbúrò rẹ̀ kan bá wà ní apá tó bọ́ sí Gíríìsì, ó lè ti di Petrou. Ìparí orúkọ kò sọ ẹ̀yà ènìyàn. Ìjọba tó tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀ ló ń sọ.

Níbi tí Húngárì ti jọba, ìyẹn Bačka àti Banat ní àríwá Sérbíà òde òní àti ìtòsí rẹ̀, ẹ kọ́ lẹ́tà wọn: "cs" ni č, "s" lásán ni š, "sz" ni s, "zs" ni ž. Jovanović á di Jovanovics tàbí Jovanovits. Akọ̀wé elédè Jámánì á fi "-witsch" parí rẹ̀. Ní etíkun Dalmatia àti Istria tí wọ́n ti ń kọ èdè Ítálì, "-ich" ni, "Ju" sì ń di "Giu": Jurić á di Giurich. Bó bá dé Amẹ́ríkà, àmì orí lẹ́tà á já bọ́, bí Ṣọlá wa ṣe ń di Sola. Lórí FamilySearch, ìkànnì tí a ti ń wá ìwé ìdílé, àmì * dúró fún lẹ́tà púpọ̀, ? dúró fún ẹyọ kan. "J*van*" á kó Jovanović, Jovanovics àti Jovanowitsch wá lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan wà tí * kò lè ràn lọ́wọ́. Ìjọba Fáṣíìsì Ítálì fi òfin 1927 sọ orúkọ àwọn ará Istria àti agbègbè Trieste di ti Ítálì, ìtumọ̀ ni wọ́n sì yí nígbà mìíràn, kì í ṣe ìró. Vodopivec, "ẹni tó ń mu omi", di Bevilacqua, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹni tó bá ń fi ìró wá a kò ní rí i láéláé. Ní Bùlgáríà, ìjọba fipá gba orúkọ Mùsùlùmí lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ibẹ̀ ní 1984 sí 1985, òfin 1990 ló jẹ́ kí wọ́n gbà á padà. Ẹni tí wọ́n bí ní 1960 lè ní orúkọ méjì tó yàtọ̀ pátápátá nínú ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Ilé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń tọ́jú orúkọ rẹ̀ lè fún un ní "udostoverenie za identichnost na imena", ìwé tó jẹ́rìí pé ẹni kan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Láìsí i, kò sí bí ẹ ṣe máa so ìwé méjèèjì pọ̀ níwájú òṣìṣẹ́.

Ní Sérbíà ṣáájú òfin 1851, orúkọ ìdílé kì í sábà kọjá ìran kan: ọmọ Petar Jovanović lè jẹ́ Marko Petrović, ọmọ Marko á tún jẹ́ Marković. Ohun tí ẹ máa dì mú níbẹ̀ ni slava, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí ìdílé Orthodox ará Sérbíà ń ṣe lọ́dọọdún, tí ọmọkùnrin ń jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Orúkọ lè yí, slava kì í sábà yí. Iṣẹ́ tí oríkì orílẹ̀ ń ṣe fún wa ló ń ṣe fún wọn: bí ìdílé méjì ní abúlé kan bá ń jẹ́ Petrović, tí ọ̀kan ń ṣe ọjọ́ Nikola Mímọ́, tí èkejì ń ṣe ti Jọ́jì Mímọ́, ẹ má ṣe tètè kó wọn sábẹ́ bàbá ńlá kan.

Àkànní_Ọjọ́:
Ẹ ṣé, Màmá. Mo fẹ́ fi ti ọjọ́ kún un. Àwọn Orthodox ń lo kàlẹ́ńdà Julian, kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó wà ṣáájú tiwa, torí náà ẹ fi ọjọ́ 13 kún gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá rí nínú ìwé àlùfáà kó lè bá tiwa mu.

Ìyá_Ìwé_Vienna:
Rárá o, Àkànní, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 12 ni fún ọ̀rúndún kọkàndínlógún, 13 bẹ̀rẹ̀ láti Máàṣì 1900. May 10, 1890 nínú ìwé àlùfáà ni May 22. May 10, 1905 ni May 23. Ti ìwé Ìjọ Àgùdà ní Kroatíà, Sloféníà àti Húngárì, ẹ má fi ẹyọ kan kún un, wọ́n ti fi Julian sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Àkànní_Ọjọ́:
Òótọ́ ni, Màmá, mo kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìgbà tí ìjọba kọ̀ọ̀kan yí i padà sí i. Ní Bùlgáríà, Épírì 14 ló tẹ̀ lé Máàṣì 31 ní 1916. Ìjọba Serb, Croat àti Slovene yí tiwọn ní Jánúárì 1919, Románíà ní Épírì ọdún yẹn. Ní Gíríìsì, Máàṣì 1 ló tẹ̀ lé Fẹ́búárì 15 ní 1923. Ìjọba ló yí i o. Ìjọ Orthodox ti Sérbíà ṣì wà lórí Julian títí dòní, torí náà àlùfáà lè máa kọ ọjọ́ àtijọ́ nìṣó lẹ́yìn 1919, tàbí kó kọ méjèèjì bíi 12/25. Bí ẹ bá rí ìlà ní àárín bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé oṣù àti ọjọ́ ni.

Ti Ottoman yàtọ̀. Ọdún Rumi ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì: ẹ fi 584 kún un, ṣùgbọ́n oṣù méjì tó kẹ́yìn ọdún náà ń bọ́ sínú ọdún tiwa tó tẹ̀ lé e, torí Máàṣì ni ọdún Rumi ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún Hijri, ti àwọn Mùsùlùmí, sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rumi 1321 àti Hijri 1323 jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1905 ni. Ẹ wo orúkọ oṣù: bí ó bá jẹ́ Muharram tàbí Ṣàbáánì, Hijri ni. Bí ó bá jẹ́ Mart tàbí Nisan, Rumi ni.

Dúró_Toronto:
Ìbéèrè kan dé inú àpótí mi nípa ìdílé tí ìwé wọn kọ "Austria". Ọ̀rọ̀ Kroatíà àti Sloféníà nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, torí abẹ́ ìjọba Ọ́stríà-Húngárì ni wọ́n wà nígbà náà, ó sì rọrùn ju ti Makedóníà lọ. FamilySearch ní àkójọ kan tó ń jẹ́ "Croatia, Church Books, 1516-1994", ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má retí pé ẹ máa tẹ orúkọ kó jáde. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹ wá orúkọ ìjọ tí abúlé náà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí ìwé, ẹ máa yí ojú rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Abúlé kékeré kì í ní ìjọ tirẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé fún íńdẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì mọ̀ pé nínú ìwé àtijọ́, orúkọ àbísọ ni wọ́n fi to íńdẹ́ẹ̀sì nígbà mìíràn, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ẹni tó wá J fún Jurić tí kò rí nǹkan, kó wá A fún Anton. Àwọn àwòrán kan wà tí kò ní ṣí nílé, ó di ibùdó FamilySearch tó bá wà nítòsí yín. Ti Sloféníà, ẹ lọ sórí Matricula, ìkànnì tó ń fi àwòrán ìwé ṣọ́ọ̀ṣì hàn.

Bí ìjọ náà bá ní "status animarum", tí wọ́n ń pè ní stanje duša, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àlùfáà to ojú ilé kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀: bàbá, ìyá, ọmọ, ọjọ́ ìbí, ẹni tó kú, ẹni tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ojú ìwé kan níbẹ̀ lè gbà yín ní iṣẹ́ oṣù kan.

Èdè inú ìwé: Látìn títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún níbi púpọ̀, Ítálì ní etíkun, àti glagoljica ní àwọn erékùṣù bíi Krk. Glagoljica kì í ṣe Cyrillic o, lẹ́tà tirẹ̀ dá yàtọ̀. Ní Cyrillic ìfọwọ́kọ pàápàá, т máa ń jọ m, и máa ń jọ u, д máa ń jọ g. Ẹ kọ álífábẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́kọ sí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yín.

Baba_Fáìlì (alábòójútó):
Kí n fi mẹ́ta kún ti Dúró. Bí abúlé náà bá wà ní Vojna krajina, ilẹ̀ ààlà tí àwọn ológun ń ṣàkóso, Vienna ló ń darí rẹ̀ títí wọ́n fi dà á pọ̀ mọ́ Kroatíà ní 1881. Ilé ìpamọ́ ìwé ogun ní Vienna ni ìwé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà, Zagreb kọ́.

Bačka àti Banat, Húngárì ló ni wọ́n títí 1918. Láti Ọ̀kùtóbà 1, 1895 ni ìjọba Húngárì ti ń kọ ìwé ìbí fúnra rẹ̀, ẹ̀dà kejì ìwé ṣọ́ọ̀ṣì sì wà láti 1828. Nítorí náà, bí ìwé ìjọ kan bá jóná, ẹ béèrè ẹ̀dà kejì. Wọ́n pín Banat sọ́nà mẹ́ta lẹ́yìn ogun, Románíà, Sérbíà àti Húngárì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin Kétu àti Ìmẹ̀kọ ni, tí ọmọ ìyá kan ní ìwé Faransé tí èkejì ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ìlú ń yí pẹ̀lú: Nagybecskerek, Veliki Bečkerek, Petrovgrad, Zrenjanin, ìlú kan náà ni gbogbo wọn. Podgorica jẹ́ Titograd láti 1946 sí 1992. Ní Gíríìsì, ìjọba pa orúkọ abúlé púpọ̀ dà ní ọdún 1926 àti àyíká rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Voden di Edessa. Lerin ni àwọn elédè Slav sì ń pe Florina. Máàpù ológun Ọ́stríà àtijọ́ tó wà lórí ìkànnì Arcanum ń fi orúkọ ìgbà náà hàn, ẹ sì lè gbé máàpù òde òní lé e lórí.

Ẹ̀kẹta: nínú ìwé Ọ́stríà, ibi tí ènìyàn ti ní "Heimatrecht" kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí dandan. Ìlú bàbá rẹ̀ lábẹ́ òfin ni. Orúkọ tí ẹ rí nínú ìwé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun 1914 lè máa tọ́ka sí abúlé tí ọkùnrin náà kò gbé rí. Abúlé bàbá àgbà rẹ̀ lẹ rí yẹn, èrè ńlá ni.

Alhaja_Rọ́fíà:
Àṣàlámù àlékún. Mo rí i pé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń sọ ṣáá. Ti Mùsùlùmí kò sí ní ìwé ìrìbọmi, nüfus defteri ni ẹ máa wá, ìwé ìkànìyàn Ottoman tó bẹ̀rẹ̀ ní 1831. Ọkùnrin nìkan ló wà nínú ti àkọ́kọ́ yẹn, torí ológun àti owó orí ni wọ́n ń wá. Kò sí orúkọ ìdílé: "Ali ọmọ Hasan", lẹ́yìn náà bó ṣe ga tó àti àwọ̀ irùngbọ̀n rẹ̀. Bí Ali ọmọ Hasan bá pọ̀ ní abúlé, irùngbọ̀n yẹn ni ẹ máa fi yà wọ́n. Temettuat ti 1844 sí 1845 sì kọ ilẹ̀, màlúù àti owó orí ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Istanbul ni méjèèjì wà, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ èdè Tọ́kì náà, torí náà mímọ Kùráánì kà nìkan kò tó. Ẹ sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ̀sìn ni Ottoman fi ń ka ènìyàn, kì í ṣe èdè. "Rum" túmọ̀ sí ọmọ ìjọ Orthodox lábẹ́ Pátíríákì Constantinople, ìbáà má gbọ́ èdè Gíríìkì rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gíríìsì àti Tọ́kì ṣe fi ẹ̀sìn pààrọ̀ ènìyàn lẹ́yìn àdéhùn Jánúárì 30, 1923: Kristẹni tó ń sọ èdè Tọ́kì lọ sí Gíríìsì, Mùsùlùmí Crete tó ń sọ èdè Gíríìkì lọ sí Tọ́kì. Àwọn tó dé Tọ́kì kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní tasfiye talepnamesi, abúlé tí wọ́n fi sílẹ̀ àti dúkìá wọn wà níbẹ̀. Òfin orúkọ ìdílé ti 1934 ló fún wọn ní orúkọ tuntun, torí náà ẹ má fi orúkọ òde òní wá wọn ṣáájú ọdún yẹn.

Àbẹ̀ní_Cleveland:
Ẹ ṣeun gan-an, Alhaja. Mo ti ṣí ojú kejì ìwé ọkọ̀ náà. Ibi ìbí: "Gopesh". Àpótí ẹ̀yà: "Greek". Petroff tó jẹ́ Greek báwo?

Ìyá_Ìwé_Vienna:
Hẹn-ẹ́n! Abúlé Gopeš nìyẹn, lẹ́bàá Bitola. Abúlé àwọn Vlach ni, àwọn tí wọ́n tún ń pè ní Aromanian, èdè wọn sún mọ́ ti Románíà. Púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ Pátíríákì, Gíríìkì ni àlùfáà fi ń kọ̀wé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ "Greek". Nígbà tó di 1905 ni Súlútáànù gbà kí àwọn Vlach dá dúró bí ẹgbẹ́ tiwọn. Nítorí náà fi lẹ́tà Gíríìkì wá a pẹ̀lú, Petrou tàbí irú rẹ̀. Bí ẹbí bá sọ pé àwọn kan kó lọ sí Románíà, kó o mọ̀ pé láti 1925 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn Vlach nílẹ̀ ní gúúsù Dobruja, agbègbè kan létí Òkun Dúdú. Àdéhùn Craiova gba ilẹ̀ yẹn fún Bùlgáríà ní 1940, wọ́n sì kó wọn lọ sí àríwá Dobruja. Ààlà ṣí lára wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Baba_Fáìlì (alábòójútó):
Àbẹ̀ní, o ti ní ohun tí o lè fi kọ lẹ́tà sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Bitola. Jẹ́ kó kúrú, kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, èdè wọn ni kó o fi kọ ọ́. Fi orúkọ sí i ní gbogbo ọ̀nà tí o ti rí i, ọdún ìbí pẹ̀lú àlàfo ọdún méjì sí iwájú àti ẹ̀yìn, orúkọ bàbá àti ìyá, ẹ̀sìn, abúlé. So ẹ̀dà ìwé tó fi hàn pé ìdílé náà ló rán ọ pọ̀. Má bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn, òṣìṣẹ́ kì í kà á. Má béèrè "izvod", àkọsílẹ̀ ṣókí tí wọ́n ń yọ látinú ìwé, àfi bó bá jẹ́ pé ìwé ọmọ ìlú lẹ fẹ́ gbà. Ẹ̀dà ojú ìwé gan-an ni kó o béèrè, torí orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ìrìbọmi wà níbẹ̀, àti àkọsílẹ̀ etí ìwé nípa ìgbéyàwó tàbí orúkọ tó yí. Ní abúlé bíi Gopeš, ẹlẹ́rìí ìrìbọmi lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ Petrou wo lo mú. Bí wọ́n bá fèsì pé ìwé ọdún yẹn kò sí lọ́dọ̀ wọn, fi orúkọ ìwé tí wọ́n ní ránṣẹ́ síbí, a ó jọ wò ó.